Oyún Tí Wọ́n Rò Pé Ìparí Nǹkan Oṣù Ni: Bí A Ṣe Tọ́jú Aboyún Ẹni Ọdún 43

Obìnrin tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ ẹni ọdún 43. Ọmọ méjì ló ti bí: ó bí àkọ́bí nígbà tó wà ní ẹni ọdún 27, ó sì bí èkejì ní 31. Ìrọbí méjèèjì kò pẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ru, wọn kò fi abẹ kàn án, àwọn ọmọ náà sì ké bí wọ́n ṣe jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, kò tún lóyún mọ́. Nígbà tó pé ẹni ọdún 41 ni wọ́n rí i pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà sì kọ lisinopril fún un. Kì í fo oògùn yẹn lọ́jọ́ kan, ìfúnpá rẹ̀ sì wálẹ̀ dáadáa.

Nǹkan oṣù rẹ̀ ti ń ṣe ségesège fún bí ọdún kan. Á wá lóṣù kan, á fo méjì, á tún yọjú. Nígbà tó wá dúró pátápátá, kò kọminú. Ó gbà pé àsìkò ló tó, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ sì ń sọ fún un pé tiwọn náà ti ń lọ. Ooru tó ń mú un lóru, àárẹ̀, ọmú tó ń dùn ún, gbogbo rẹ̀ ló rí àlàyé fún. Ìgbà tí inú rẹ̀ le tó sì ń yọ síwájú ló tó lọ rí dókítà, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé fáíbírọ́ìdì ni. Síkáànì fi ọmọ hàn, ọkàn rẹ̀ ń lù, oyún ti pé ọ̀sẹ̀ 18.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí yìí gan-an ni ewu ti bẹ̀rẹ̀, kí agbẹ̀bí kankan tó fọwọ́ kan aboyún yìí. Lẹ́yìn ogójì ọdún, ẹyin tó kù nínú obìnrin ti dín kù gan-an, ó sì lè má jáde lóṣooṣù mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń jáde. Ìdí nìyí tí ìlànà ìfètòsọ́mọbíbí fi sọ pé bí nǹkan oṣù obìnrin tí kò tíì pé ẹni 50 bá dúró, kó má ṣe pa ìfètòsọ́mọbíbí tì títí ọdún méjì yóò fi kọjá. Ẹni tó ti lé ní 50, ọdún kan. Fún gbogbo àkókò tí obìnrin yìí fi ń gba lisinopril, kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó lè lóyún. Wọ́n ń wo ìfúnpá rẹ̀, wọ́n ń tún oògùn kọ, ó ń lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ oògùn yẹn àti àwọn oògùn ìran rẹ̀ kò yẹ aboyún rárá.

Oògùn tí wọ́n dá dúró láìfi nǹkan rọ́pò

Ní ilé ìwòsàn tó kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní kó dá lisinopril dúró lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn tọ̀nà. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin lọ, oògùn yìí máa ń ṣàkóbá fún kíndìnrín ọmọ inú. Ìtọ̀ ọmọ ló sì pọ̀ jù nínú omira lásìkò yẹn, nítorí náà bí kíndìnrín kò bá ṣiṣẹ́, omira á gbẹ, ẹ̀dọ̀fóró ọmọ kò ní lè gbèrú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè ká. Ọpẹ́ ni pé omira ti obìnrin yìí ṣì pé nígbà tí wọ́n ṣe síkáànì.

Ohun tí kò tọ̀nà ni pé wọn kò fi oògùn kankan rọ́pò èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kó lọ sinmi, kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kò lè dúró dé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Orí fífọ́ ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tí oyún pé ọ̀sẹ̀ 19, ìfúnpá rẹ̀ sì ti di 158/104.

A fi methyldopa bẹ̀rẹ̀, a sì fi labetalol kún un nígbà tó yá. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera ṣì ń bẹ̀rù láti fi oògùn mú ìfúnpá aboyún wálẹ̀ bí kò bá tíì tó 160, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ á dín kù. Ìwádìí CHAP, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà tí èsì rẹ̀ jáde ní 2022, yẹ ká fi sọ́kàn: nínú àwọn aboyún tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀, àwọn tí wọ́n fi oògùn mú ìfúnpá wọn wá sí ìsàlẹ̀ 140/90 kò bí ọmọ tó kéré ju ti àwọn yòókù lọ, pre-eclampsia tó le (àìsàn oyún tó máa ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru wá, tó ń ṣàkóbá fún kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀, tó sì lè fa gìrì) sì dín kù láàárín wọn. Ìsàlẹ̀ 140/90 yìí ni a fi ṣe àfojúsùn fún obìnrin wa.

“Ara mi mọ iṣẹ́ yìí”

Nígbà tí a jókòó láti ṣàlàyé bí ìtọ́jú yóò ṣe rí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ má dà mí láàmú. Mo ti bí méjì wọ́ọ́rọ́wọ́. Ara mi mọ iṣẹ́ yìí.”

“Òótọ́ lẹ sọ, Màmá. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ bí èyí èkejì, ẹ ò tíì ju 31 lọ, ẹ ò sì lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ jẹ́ ká tọ́jú ara tí ẹ gbé wá lónìí.”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn ni mo tìtorí rẹ̀ kọ àkọsílẹ̀ yìí. Ìbí tó rọrùn látijọ́ máa ń tan aboyún, ó sì máa ń tan àwa tí à ń tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú. A máa ń rí “ọmọ méjì, ìbí àbínibí, kò sí wàhálà” nínú ìwé, ọkàn wa á sì balẹ̀. Nígbà tí oyún bá ń dúró, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ilé ọmọ gbọ́dọ̀ fẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè ṣàn dáadáa lọ sínú ibi ọmọ. Oyún kọ̀ọ̀kan máa ń la ọ̀nà fún èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọdún bá gorí ọdún tí ẹnikẹ́ni kò gba ibẹ̀ kọjá, koríko á hù bo ojú ọ̀nà náà. Bí àlàfo bá ti tó ọdún mẹ́wàá, ewu pre-eclampsia obìnrin tó ti bímọ rí fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ẹni tó lóyún fún ìgbà àkọ́kọ́ mu. Ẹ wá fi ọjọ́ orí tó lé ní 40 kún un, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti wà nílẹ̀.

Nítorí náà a bẹ̀rẹ̀ aspirin kékeré fún un lálaalẹ́, a sì ní kó lò ó títí di ọ̀sẹ̀ 36. Ó ti pẹ́ díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 12 ló yẹ kí aspirin bẹ̀rẹ̀, kó sì má kọjá 16, torí ìgbà tí ibi ọmọ ń fìdí múlẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ wúlò jù. Oṣù tí wọ́n fi rò pé nǹkan oṣù ló parí ló gba àǹfààní yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

A tún ṣe ohun kan lọ́jọ́ yẹn tí kò gbà ju abẹ́rẹ́ kan àti ike ìtọ̀ kan lọ. A wọn purotéènì inú ìtọ̀ rẹ̀, a yẹ kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò, a ka àwọn platelet inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ (àwọn ni wọ́n ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì), a sì kọ èsì rẹ̀ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ káàdì rẹ̀. Kò sí purotéènì nínú ìtọ̀. Platelet jẹ́ 240,000. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí òǹkà yìí.

Ọ̀rọ̀ tó le sọ

Ọkọ rẹ̀ ló béèrè ohun tí ìyàwó kò fẹ́ béèrè: ṣé òótọ́ ni pé ọmọ àgbà obìnrin kì í pé? Irú ìbéèrè yìí kò yẹ ká dá lóhùn pẹ̀lú “Ọlọ́run á ṣe é” nìkan, kò sì yẹ ká fi dẹ́rù bani. Ẹyin obìnrin ti wà lára rẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Bí ó ti ń dàgbà, pípín kromosóòmù inú ẹyin, ìyẹn àwọn ohun tó ń gbé àbùdá, á máa ṣàṣìṣe. Ohun kan náà ló ń fa kí oyún máa bàjẹ́ níbẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn 40 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ti Down syndrome, níbi tí ọmọ ti ní kromosóòmù kan lé, nǹkan bí ọmọ 1 nínú 1,250 ni fún ìyá ẹni ọdún 25, 1 nínú 350 fún ẹni 35, 1 nínú 100 fún ẹni 40. Fún ọjọ́ orí tirẹ̀, ó tó 1 nínú 50. A sọ ọ́ fún wọn lọ́nà méjèèjì: nínú aboyún 50 tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹnì kan ni ó lè ṣẹlẹ̀ sí, kò ní ṣẹlẹ̀ sí 49 yòókù. Bí ìbéèrè bá kan ẹnì kan nínú 50 nìkan, ẹ̀rù nìkan ni ìdáhùn máa ń gbé wá.

Síkáànì tí wọ́n máa ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ 11 sí 14 láti wo ẹ̀yìn ọrùn ọmọ ti kọjá. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ìyá tó ń wo àbùdá ọmọ ṣì ṣeé ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni fífi abẹ́rẹ́ fa omira, èyí tó ń fúnni ní ìdáhùn tó dájú àmọ́ tó ní ewu kí oyún bàjẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó 1 nínú 100. Ó kọ abẹ́rẹ́. Ó ní, “Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ mi náà ni.” Síkáànì kíkún ní ọ̀sẹ̀ 20, tí wọ́n fi wo ọkàn, ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ, ló gbà, kò sì sí ohun tó ṣàjèjì níbẹ̀. A kọ ìpinnu rẹ̀ sílẹ̀ kí nọ́ọ̀sì mìíràn má bàa tún máa fi ìbéèrè kan náà dà á láàmú ní gbogbo ìgbà tó bá wá.

Ní ọ̀sẹ̀ 26 a ṣe àyẹ̀wò ṣúgà tí wọ́n ti ń mu gúlúkóòsì 75 g. Ti òwúrọ̀ kó tó jẹun jẹ́ 5.0 mmol/L, ti wákàtí kan jẹ́ 10.7, ti wákàtí méjì jẹ́ 8.9. Èyí àkọ́kọ́ kò kọjá ààlà, torí 5.1 ni ààlà rẹ̀. Méjì yòókù kọjá 10.0 àti 8.5. Ẹyọ kan péré tó bá kọjá ti tó láti pè é ní àtọ̀gbẹ oyún. Bó bá jẹ́ pé ti òwúrọ̀ nìkan la yẹ̀ wò, à bá ní ara rẹ̀ dá. Ó yí bó ṣe ń jẹun padà, ó ń rìn lẹ́yìn oúnjẹ, ó ń yẹ ara rẹ̀ wò nílé, ṣúgà náà sì gbọ́ràn láìlo oògùn.

Ọ̀sẹ̀ 33

Kò sí ohun tó ń dùn ún lọ́jọ́ tó wá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú díẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ aboyún ló ń wú. Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 152/98, bẹ́ẹ̀ ó ń lo oògùn méjì láìyẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó kọ́kọ́ rí i ní ó ti pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru, ká kàn fi oògùn kún un. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ìtọ̀ rẹ̀ tí kò ní purotéènì ní ọ̀sẹ̀ 19 ti ní púpọ̀, platelet tó jẹ́ 240,000 ti bọ́ sí 138,000. Síkáànì fi hàn pé ikùn ọmọ kéré sí iye ọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru àtijọ́ kọ́ nìyí mọ́, pre-eclampsia ti gùn ún lórí.

Platelet 138,000 nìkan kì í dẹ́rù bani. Ẹni tí kò bá mọ ibi tó ti wá lè wò ó kó sì ní kò burú. Bí ẹ bá ń tọ́jú aboyún tó ti lé ní 40, pàápàá ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe dúró dìgbà tí wàhálà bá dé kí ẹ tó mọ bí kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe rí nígbà tí ara rẹ̀ dá.

A ní kó wọ wọ́ọ̀dù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kò gbà. Ó ní ẹnì kan kì í ṣàìsàn láìmọ̀, pé àbúrò òun ń rìn, ó ń jẹun, kí ló fẹ́ ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì? A kò bá wọn jiyàn. Dókítà gbé káàdì sílẹ̀ níwájú wọn, ó fi ọwọ́ tọ́ka sí òǹkà ọ̀sẹ̀ 19 àti ti ọjọ́ yẹn, ó sì ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibi ọmọ kò tó mọ́, ìdí nìyẹn tí ọmọ fi kéré. Ẹ̀gbọ́n náà wò ó títí, ó ní, “Ó dáa, ẹ jẹ́ kó dúró.” Ó sì wà pẹ̀lú rẹ̀ títí ó fi bímọ.

Wọ́n fún un ní dexamethasone nítorí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ, a sì ti mọ̀ pé yóò gbé ṣúgà rẹ̀ sókè. Ó gba insulin fún ìgbà díẹ̀. Àdéhùn ni pé bí kò bá burú sí i, a ó dúró dé ọ̀sẹ̀ 37.

Kò dé 37. Ní ọ̀sẹ̀ 35, lóru, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ó ní iná ń kọ mànà lójú òun, abẹ́ egungun ìhà ọ̀tún sì ń dùn ún. Ìfúnpá jẹ́ 174/116. Wọ́n fi oògùn gba inú iṣan mú un wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ magnesium sulphate: 4 g sínú iṣan, 10 g sínú ìdí méjèèjì. Ìwádìí Magpie ti 2002 fi hàn pé oògùn yìí ń dín ewu gìrì kù ju ìdajì lọ. À ń wo mímí rẹ̀, bí orúnkún rẹ̀ ṣe ń ta bí a bá kàn án, àti ìtọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kí oògùn náà má bàa pọ̀ jù lára rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló ti ń sọ pé iṣẹ́ abẹ ló kàn. Kò kàn. Ọmọ dorí kodò, ọkàn rẹ̀ ń lù dáadáa, ibí yìí sì ni ìbí àtijọ́ ti ṣe é láǹfààní tòótọ́: oògùn tí a fi mú ìrọbí bẹ̀rẹ̀ kò pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Ó bí ọmọbìnrin tó wọn 1.9 kg, tó sì ké fúnra rẹ̀. Kí ìbí tó sún mọ́lé ni a ti yọ ergometrine, oògùn tó ń mú ilé ọmọ súnkì kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dà, kúrò nínú àwo oògùn, nítorí ó máa ń gbé ìfúnpá sókè. Ní wàràwàrà, ọwọ́ lè lọ bá a. Oxytocin, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, la fún un. Ẹ̀jẹ̀ ṣì dà ju bó ṣe yẹ lọ, ó tó 800 ml, a fi oxytocin kún un pẹ̀lú tranexamic acid 1 g tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ẹ̀jẹ̀ náà sì dúró.

Lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti kí i kú ewu

Ìfúnpá rẹ̀ wálẹ̀ ní ọjọ́ kejì. A yọ methyldopa kúrò, nítorí ó lè mú kí ọkàn ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ rẹ̀wẹ̀sì, a fi nifedipine rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́ kẹrin, 138/88, ara rẹ̀ yá. Ọ̀pọ̀ ibi ni wọn ì bá ti parí ìtọ́jú síbẹ̀ kí wọ́n ní kó padà wá ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo sì rò pé ibẹ̀ ni à ń pàdánù ọ̀pọ̀ ìyá. Láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà lẹ́yìn ìbí ni ìfúnpá máa ń gasókè jù, nígbà tí omi tó ti wú sára bá ń padà sínú iṣan. Gìrì lè gbé ìyá ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ́yìn tó ti bímọ.

Kó tó lọ sílé, a kọ́ àkọ́bí rẹ̀, ọmọbìnrin tó ti di ẹni ọdún 16, bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ ìfúnpá. A yàn án nítorí òun ni yóò wà nílé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ lóru. A kọ òǹkà kan sílẹ̀ fún un: bí èyí tó wà lókè bá tó 150 tàbí èyí tó wà nísàlẹ̀ bá tó 100, ẹ pè wá, bí ó bá tó 160 tàbí 110, tàbí tí orí bá ń fọ́ Màmá, ẹ má pè, ẹ máa bọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹfà, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Àwọn tó wà nílé ní àìsùn ọmọ tuntun ni, kó rọra sùn. Àkọ́bí náà wọn ìfúnpá rẹ̀, ó rí 170/112, ó tún un wọ̀n, ó sì kọ̀ jálẹ̀ pé kí wọ́n gbé ìyá òun lọ lóru yẹn. Nígbà tí wọ́n dé, orúnkún rẹ̀ ti ń ta gìrìgìrì bí a bá kàn án. A dá magnesium sulphate padà, a fi labetalol kún nifedipine. Gìrì kò mú un.

Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ yìí máa ń kọ́ aboyún nípa àmì ewu, a sì máa ń gbàgbé pé nígbà tí orí bá ń fọ́ ìyá, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, òun kọ́ ni yóò lè pinnu. Ẹni tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ ni kí a kọ́, ká sì fi òǹkà sílẹ̀ fún un. “Bí ara rẹ̀ kò bá yá” kò tó, torí ara ìyá tuntun wo ló yá?

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, oògùn kan ṣoṣo ló kù tó ń lò, ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 134/84. A tún àyẹ̀wò gúlúkóòsì ṣe, ṣúgà ti padà sípò. Ọmọ ń mu ọmú, ó ń sanra. A sọ̀rọ̀ ìfètòsọ́mọbíbí, nítorí ó ṣì lè lóyún. Èyí tó ní estrogen kò yẹ ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì yan èyí tí wọ́n fi bàbà ṣe tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ.

Ohun tó kẹ́yìn tí a ṣe ni lẹ́tà sí ibi tó ti ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Obìnrin tó bá ti ní pre-eclampsia, ewu àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú tó ìlọ́po méjì ti ẹlòmíràn, àtọ̀gbẹ oyún sì lè padà di àtọ̀gbẹ gidi. A kọ méjèèjì síbẹ̀, a ní kí wọ́n máa yẹ ṣúgà rẹ̀ wò lọ́dọọdún, a sì fà á lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n má tún kọ lisinopril fún obìnrin kankan tó ṣì lè bímọ láìkọ́kọ́ béèrè ìgbà tó rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn àti ohun tó ń lò láti má lóyún.